Ṣé Kí A Gba Owó Iléeṣẹ́ Iná Fún Ọdún Àdúgbò Wa?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akápò ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọdún àdúgbò wa. Iléeṣẹ́ tó ń ta iná àti gáàsì fún ọ̀pọ̀ nínú wa kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ọdún náà fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn á san owó pèpéle, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ètò àwọn ọmọdé. Ọdún yìí kan náà ni owó iná ilé gun òkè débi pé àwọn àgbàlagbà kan láàárín wa ti ń pa iná kí alẹ́ tó lẹ́. Apá kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a gbà á, pé a kò rí onígbọ̀wọ́ mìíràn. Apá kejì ní owó wa ni wọ́n fẹ́ fi ṣe wá lálejò, pé bí wọ́n bá lówó àríyá lọ́wọ́, kí wọ́n fi dín owó iná kù. Ta ló tọ̀nà nínú wọn, kí sì ni kí a ṣe?"

Ẹ kú làálàá, akápò. Mo ti bá àwọn tó ń fúnni ní irú owó yìí ṣiṣẹ́, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ka àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ìbéèrè méjì ló ń wọnú ara wọn. Èkíní ni pé ta ló ni owó náà. Èkejì ni pé kí ni iléeṣẹ́ fẹ́ fi owó náà rà. Èkejì gan-an ló ń dun àwọn tó ń bínú nínú ìgbìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èkíní ni wọ́n fi ń sọ ọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ gba owó náà fi máa ń borí nínú ìṣirò, tí inú ẹnikẹ́ni kì í sì í rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó iná, nítorí ibẹ̀ ni àṣìlóye pọ̀ sí jù. Oríṣiríṣi owó ló para pọ̀ di iye tí ẹ ń rí lórí bíìlì. Owó iná tàbí gáàsì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, bí iléeṣẹ́ ṣe rà á lọ́jà ńlá tí wọ́n ti ń rà á lọ́pọ̀ yanturu. Owó wáyà, òpó àti ọ̀pá gáàsì wà níbẹ̀. Owó ètò ìjọba, owó orí, owó òṣìṣẹ́, owó mítà, àti gbèsè tí àwọn oníbàárà kan kò rí san, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Èrè ẹni tó ń ta iná fún yín ló ń kẹ́yìn, ó sì sábà máa ń wà lára èyí tó kéré jù. Èyí tó máa ń fò sókè lójijì ni iye tí wọ́n ra iná àti gáàsì lọ́jà ńlá. Bìrìtéènì jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn kedere, nítorí Ofgem, àjọ tó ń mójú tó òwò iná àti gáàsì níbẹ̀, máa ń kéde gbèdéke owó fún ilé tó ń lo iná àti gáàsì níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, £1,277 ni gbèdéke náà fún ọdún kan. Ní oṣù Kẹrin 2022 ó di £1,971. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún yẹn fi máa pé, £3,549 ni wọ́n ti kéde, kí ìjọba tó dá sí i, tí wọ́n sì dá a dúró sí nǹkan bí £2,500. Kò sí ayẹyẹ kankan tó fa èyí. Nígbà tí òwò tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìséde àrùn Kòrónà, àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í du gáàsì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, gáàsì tó ń ti Rọ́ṣíà wọ Yúróòpù sì dínkù gidigidi. Owó iná mànàmáná náà tẹ̀lé e, nítorí pé lọ́jà iná, ibùdó tí wọ́n pè kẹ́yìn láti dí àìtó ló ń pinnu iye tí gbogbo àwọn yòókù ń gbà, ibùdó tó ń lo gáàsì ló sì sábà máa ń jẹ́ ẹni ìkẹyìn yẹn. Bí iná tí afẹ́fẹ́ tàbí oòrùn pèsè ṣe lè wọ́n lọ́jà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó pèsè rẹ̀ kò ra epo kankan. Ní Bìrìtéènì yìí kan náà, nǹkan bí 30 iléeṣẹ́ atajà iná ló wó láàárín 2021 sí 2022, orí bíìlì gbogbo ènìyàn sì ni owó tí wọ́n fi kó àwọn oníbàárà wọn sọ́dọ̀ ẹlòmíràn padà wá.

Ẹ wá gbé owó onígbọ̀wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo èyí. Ká ní iléeṣẹ́ kan ń ta iná fún ilé 1,000,000, ó sì ná 50,000 lórí ọdún àdúgbò káàkiri, ní owó ilẹ̀ yòówù tí ẹ bá fẹ́. Bí wọ́n bá pín in padà fún àwọn ilé náà, ìdá kan nínú ogún ẹyọ owó kan ṣoṣo ló máa kan ilé kan, fún odindi ọdún. Owó onígbọ̀wọ́ kì í sábà tóbi tó bí orúkọ wọn ṣe tóbi lára pátákó. BP wà lára àwọn iléeṣẹ́ epo tó tóbi jù láyé, ó sì pẹ́ tí orúkọ wọn fi wà lára Tate, àwọn ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Bìrìtéènì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ pàṣẹ pé kí Tate sọ iye tí wọ́n ń gbà, ó hàn ní ọdún 2015 pé £3.8 mílíọ̀nù ni gbogbo rẹ̀ láti 1990 sí 2006, ìyẹn nǹkan bí £224,000 lọ́dún. Nítorí náà, bí iléeṣẹ́ yín bá tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ apá kejì, tí wọ́n fi owó ọdún dín owó iná kù, kò sí ilé kan tó máa mọ̀ ọ́n lára. Kò dùn mọ́ mi nínú láti sọ èyí fún ẹni tó ń ṣọ́ mítà rẹ̀ lálaalẹ́, ṣùgbọ́n ìrètí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kò ní ṣe é láǹfààní.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ gbà pé owó náà kò ti àpò yín wá. Ìyẹn wà lọ́wọ́ irú iléeṣẹ́ tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í wò. Ẹni tó ń ta iná fún ilé yàtọ̀ sí ẹni tó ni wáyà àti òpó, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ẹni tó ń wa epo àti gáàsì jáde nínú ilẹ̀. Nígbà mìíràn orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ìwé ìṣirò wọn sì yàtọ̀. Níbi tí gbèdéke bá wà, ẹni tó ń ta iná kò lè gbé owó ọdún yín lé bíìlì, nítorí gbèdéke kì í tẹ̀lé ìnáwó iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Inú ohun tó ṣẹ́kù fún un ni yóò ti yọ ọ́. Níbi tí kò bá sí gbèdéke, ó lè gbé e lé e bí ọjà bá gbà á láyè. Ẹni tó ni wáyà ló yẹ kí ẹ fi ojú tó mú wò jù, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ẹ lè lọ bá, àjọ amójútó ló sì ń fọwọ́ sí iye tó lè gbà lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè tó tọ́ níbẹ̀ ni pé ṣé wọ́n ka owó onígbọ̀wọ́ mọ́ ìnáwó tí oníbàárà gbọ́dọ̀ san, àbí àwọn tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ ló ń gbé e. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Òfin PURPA ti ọdún 1978 gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí iléeṣẹ́ iná má gba owó ìpolówó ọjà àti ti òṣèlú lọ́wọ́ oníbàárà. Nínú ètò ìṣirò tí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà là sílẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ iná, ojú ìwé ọ̀tọ̀ wà fún ọrẹ àti ìrànwọ́ àdúgbò, nọ́ńbà rẹ̀ ni 426.1, kì í sì í sábà sí lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó iná. Síbẹ̀ nǹkan ń yọ́ gba abẹ́lẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ Colorado, Connecticut àti Maine fi tún ṣòfin tó le sí i ní ọdún 2023 lórí ohun tí iléeṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yín, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ojú ìwé tí owó yín máa jáde láti ibẹ̀. Iléeṣẹ́ tó mọ́ lọ́wọ́ yóò fèsì ní ìlà méjì. Mo ti rí èyí tó fi ìwé aláwọ̀ mèremère fèsì, tí kò sì sí ìdáhùn nínú rẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn.

Ẹni tó ń wa epo àti gáàsì jáde ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Owó ọjà tó ń pa ilé lára ni èrè tirẹ̀. Ní ọdún 2022 tí àwọn ènìyàn ń pa iná ní Yúróòpù kí owó má baà pọ̀ jù, èrè tí Shell kéde jẹ́ bílíọ̀nù $39.9, ti BP sì jẹ́ bílíọ̀nù $27.7. Nígbà tí ìjọba Bìrìtéènì bu owó orí àfikún lé èrè yìí ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn tó ń wa epo àti gáàsì nínú ilẹ̀ àti lábẹ́ òkun wọn ni wọ́n bù ú lé. Kò kan àwọn tó ń tà á fún ilé. Bí ó bá jẹ́ irú iléeṣẹ́ yìí ló kọ̀wé sí yín, ìbínú àwọn ará yín ní ìdí tó lágbára ju bó ṣe máa ní lọ bó bá jẹ́ atajà lásán tí òun náà ń ra gáàsì lọ́wọ́n.

Ó wá kan ìbéèrè kejì. Owó onígbọ̀wọ́ kì í ṣe sàráà, kò sì yẹ kí ẹ máa dúpẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni gba sàráà. Ọwọ́ àwọn tó ń bójú tó orúkọ iléeṣẹ́ ló ti ń wá, ìnáwó òwò ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ gbà padà. Ọdún àdúgbò wù wọ́n ju pátákó ojú títì lọ nítorí pé ọ̀rẹ́ àti ìbátan ló wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, inú gbogbo ènìyàn sì ń dùn. Nígbà mìíràn wọ́n ní iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe nítòsí: ọ̀pá gáàsì tuntun, òpó iná ńlá, tàbí oko ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, tí wọ́n nílò kí àwọn ará ibẹ̀ má tako ìwé àṣẹ rẹ̀. Nígbà mìíràn kò ju pé wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn jáde níbi tí kò sí ọ̀rọ̀ bíìlì. Kò sí èyí tó jẹ́ ìwà ọ̀daràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọdún tí owó iná ga jù ni orúkọ rere wọ́n sí wọn jù, ẹ̀yin lẹ sì ni ohun tí wọ́n fẹ́ rà yẹn. Ẹ má tà á ní owó ọdún tó rọrùn.

Ibi tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni ìwé àdéhùn. Ní ọdún 2021, ó hàn síta pé àdéhùn tí Science Museum ní London bá Shell ṣe lórí àfihàn kan nípa ojú ọjọ́ ní ìlà kan nínú tó ní kí ilé àkójọ náà má sọ ohunkóhun, kí ó má sì lọ́wọ́ nínú ohun tó lè ba orúkọ onígbọ̀wọ́ jẹ́. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Mo ti rí i nínú àdéhùn àwọn ọdún kékeré tí owó wọn kò tó ra aṣọ fún àwọn oníjó, wọ́n kàn dà á kọ láti inú àdéhùn ńlá. Ẹ wò ó bó ṣe kan yín: bí alága ìgbìmọ̀ yín bá tún jẹ́ ẹni tó ń bá àwọn ará lọ sí ìpàdé àjọ amójútó láti ké nípa owó iná, ìlà yẹn ti dí i lẹ́nu. Bí akéwì kan bá gun pèpéle yín tó fi ewì ṣàròyé lórí mítà, ẹ ti rú àdéhùn. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí iléeṣẹ́ iná tó wà. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí ẹ sì fi ìlà mìíràn rọ́pò rẹ̀ tó sọ kedere pé ìgbìmọ̀ àti àwọn tó ń kópa lómìnira láti sọ èrò wọn nípa owó iná níbikíbi. Láti inú ohun tí mo ti rí, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń yọ ọ́ bí wọ́n bá béèrè; àwọn ìgbìmọ̀ ni kì í béèrè. Bí wọ́n bá kọ̀ láti yọ ọ́, ẹ má gba owó náà. Lórí èyí nìkan ni mi ò ní fi àyè sílẹ̀ fún èrò mìíràn.

Bí ẹ bá kọ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ ń kọ̀. Royal Shakespeare Company, ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé ńlá ní Bìrìtéènì, fòpin sí àdéhùn BP ní ọdún 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wo eré ní £5. Ohùn àwọn ọ̀dọ́ yìí gan-an ló sì wà lára ohun tó mú wọn fi í sílẹ̀. Ilé eré ńlá lè fara da irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé àtàwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbógun ti Baillie Gifford, iléeṣẹ́ ìdókòwò tó ní ìpín nínú àwọn iléeṣẹ́ epo, Hay Festival àti Edinburgh International Book Festival pínyà pẹ̀lú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí iléeṣẹ́ náà fi jáwọ́ nínú àwọn ọdún ìwé tó kù. Owó tó lọ báyìí kì í sábà rí arọ́pò lọ́dún kan náà. Fún ọdún kékeré bíi tiyín, kíkọ̀ lè túmọ̀ sí pé kò ní sí ètò àwọn ọmọdé, tàbí kí àwọn ará máa sanwó ìwọlé, ẹni tí owó iná ti fún lọ́rùn ló sì máa kọ́kọ́ jókòó sílé. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbìmọ̀ tó bá kọ̀ lẹ́yìn tó ti ro èyí. Mi ò ní sọ pé ẹni tó gbà á ta ara rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta kan wà tó wù mí ju méjèèjì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibi gbogbo ló ti lè ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n rí epo rọ̀bì lábẹ́ òkun nítòsí erékùṣù Shetland ní ìhà àríwá Scotland, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò dúró de ìgbà tí iléeṣẹ́ máa wá fi àmì sára pátákó ọdún wọn. Wọ́n gba òfin tiwọn ní ọdún 1974 tó fún wọn lágbára láti bá àwọn iléeṣẹ́ epo dúnàádúrà, wọ́n ní kí àwọn iléeṣẹ́ náà san owó fún ìdààmú tí iṣẹ́ wọn máa dá sílẹ̀, wọ́n sì kó o sínú àpò kan tí àwọn ará erékùṣù fúnra wọn ń darí láti 1976. Àpò yẹn ti ṣètìlẹ́yìn fún ìtọ́jú àgbàlagbà, ibi ìdárayá àti iṣẹ́ ọnà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Scotland bákan náà, ó ti pẹ́ tí ìlànà ìjọba ti dá a lábàá pé kí oko ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ máa fún àdúgbò rẹ̀ ní £5,000 lórí megawáàtì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Oko Viking tó wà ní Shetland jẹ́ 443 megawáàtì. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ju £2.2 mílíọ̀nù lọ. Irú owó bẹ́ẹ̀ wá nítorí pé iléeṣẹ́ ń lo ilẹ̀ àti ojú òkun wọn. Àdúgbò ló ń pinnu ohun tí wọ́n fi ṣe, onígbọ̀wọ́ kò sì lè bínú gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Shetland wà lára ibi tí owó iná àti ti ìmúlémóoru ti ń ni ilé lára jù ní Bìrìtéènì. Àpò tó dára kò dín bíìlì kù fúnra rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ yín bá ní ibùdó tàbí iṣẹ́ kan ní àyíká yín, irú ìjíròrò yìí ló yẹ kí ẹ bá wọn bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọdún má sì gba ipò rẹ̀. Bí wọ́n kò bá ní ju mítà lọ lọ́dọ̀ yín, ẹ kò ní agbára yẹn, ọ̀rọ̀ àdéhùn tí mo sọ lókè ló kù fún yín.

Ẹnìkan nínú yín yóò dá a lábàá pé kí iléeṣẹ́ gbé tábìlì kalẹ̀ níbi ọdún láti ran àwọn tó jẹ gbèsè iná lọ́wọ́. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n mo ti rí tábìlì bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òfìfo ló máa ń wà. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ará ilé kejì rí òun níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gbèsè, pàápàá lọ́jọ́ tí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ tó dára. Ẹ béèrè ohun mìíràn dípò rẹ̀: nọ́ńbà fóònù òṣìṣẹ́ kan tó ní àṣẹ láti tún ètò ìsanwó ṣe, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, fún ẹnikẹ́ni tí ìgbìmọ̀ yín bá darí síbẹ̀. Kò ná wọn ní owó tuntun, ó sì lè dá iná padà sí ilé kan tí wọ́n ti gé e. Ẹ jẹ́ kí ìwé rẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé ọdún, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé ọ̀kan ni owó ìkejì.

Ìṣirò tó wà lókè yìí lè sọ fún yín ohun tí owó náà jẹ́. Kò lè sọ bó ṣe máa rí lára ìyá àgbà tó jókòó sínú òkùnkùn lálẹ́ àná, tó wá rí orúkọ iléeṣẹ́ náà lókè pèpéle lówùúrọ̀. Èmi tí mo wà lókèèrè kò lè fi ìdájọ́ tèmi rọ́pò tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ pe ìpàdé gbogbo àdúgbò kí ẹ tó fèsì sí lẹ́tà iléeṣẹ́, kí ẹ ka iye owó náà àti àdéhùn náà sókè ketekete, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń pa iná lálẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbà á, ọdún kan ni kí ẹ tọwọ́ bọ̀, ẹ má gba mẹ́ta, kí orúkọ iléeṣẹ́ wà láàárín àwọn onígbọ̀wọ́ yòókù, kó má sì sí lára orúkọ ọdún fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa rọ́pò wọn láti oṣù tí owó náà bá ti wọlé.